Bí Ọdẹ́rìndé Ṣe Gbé Ẹ̀rọ Amúlétutù Lọ sí Ilé Akọ́rọ̀jọ

Ẹ fà sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé mi. Ẹni tó bá fẹ́ húkọ́, kó yáa hú u báyìí, nítorí bí ẹnu mi bá ti là, n kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ìwọ tí o dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọlé tàbí kí o jáde, ò ń dí atẹ́gùn mọ́ wa. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, ti ọ̀rẹ́ mi Ọdẹ́rìndé ni, ọdẹ tí èmi àti ẹ̀ jọ ń dẹ igbó kan náà nígbà tí irun orí mi ṣì dúdú. Èmi kọ́ ni mo rin ìrìn-àjò náà o. Ká ní èmi ni mo lọ ni, ìtàn náà ì bá má gùn rárá. Ǹ bá ti lu gbogbo wọn pa lọ́jọ́ tí mo débẹ̀, ǹ bá sì ti padà wá jẹun ọ̀sán. Ta ló ń rẹ́rìn-ín yẹn? Ẹ fi í sílẹ̀. Láìpẹ́, ẹ̀rín yóò tán lẹ́nu ẹ̀.

Iṣẹ́ méjì ni Ọdẹ́rìndé ń ṣe. Nígbà òjò, a máa ṣọdẹ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ooru bá ń mú àwọn olówó, á gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, á bọ́ sí ìgboro, á máa tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe kiri. Mo bá a wí títí pé ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ni ọdẹ gidi ń ṣọdẹ, kò gbọ́. Orí kunkun wà ní ìdílé wọn. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Láníyọnu, tún wá ju tiẹ̀ lọ. Láníyọnu ló ń fẹ́ ewìrì ní ilé àgbẹ̀dẹ, èèyàn gíga tí àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, tí iná àgbẹ̀dẹ sì ti jẹ etí òsì rẹ̀ tán. Lọ́jọ́ kan ó wọ igbó lọ wá èédú, kò bọ̀ mọ́. A wá a títí, a ò rí bàtà rẹ̀ pàápàá. Ìyá wọn ní ọmọ òun ò kú, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe òkú rẹ̀. Ó kọjú sí Ọdẹ́rìndé, ó ní, "Ìwọ lo mọ igbó. Mú ẹ̀gbọ́n rẹ wá fún mi." Láti ọjọ́ náà, Ọdẹ́rìndé kò lè wo ojú ìyá rẹ̀ dáadáa mọ́.

Ọdún gorí ọdún. Ní ọ̀sán kan, ó jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi sípánà tú ẹ̀rọ kan, ni nǹkan kan bá yọjú sí i. Ojú nǹkan náà kò sí lórí. Àtẹ́lẹwọ́ ló wà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ó sì na ọwọ́ méjèèjì síwájú bó ṣe ń rìn kó má baà fẹsẹ̀ kọ. Iwin ni. Ó ní Ọwọ́lójú ni orúkọ òun.

"Ṣé ìwọ lò ń sọ ooru di òtútù?"

"Èmi ni. Ẹ jókòó. Ẹ má fọwọ́ kan iná yẹn o, ẹ ó fọ́jú."

Ọwọ́lójú jókòó. Ó ní, "Ìlú Iyè ni mo ti wá. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọmọ aráyé bá sọ, ọ̀dọ̀ wa ló ń wá sùn. A ní ilé ńlá kan, Ilé Akọ́rọ̀jọ, inú àpótí irin la ń kó ọ̀rọ̀ yín sí níbẹ̀, àpótí lórí àpótí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín gbóná! Tọ̀sán-tòru làwọn àpótí yẹn ń rò, ooru wọn sì lè sun gbogbo ìlú. Ọkùnrin kan là ń lò. A fún un ní yìnyín jẹ títí èémí rẹ̀ fi tutù, òun ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí wọn láìsinmi. Ó ti wá ń pọ ẹ̀jẹ̀ báyìí. Ọba ní kí n wá nǹkan mìíràn tí yóò wà nílẹ̀."

"Irú ọkùnrin wo ni?"

"Ó ga. Àyà rẹ̀ fẹ̀. Iná ti jẹ etí rẹ̀ kan."

Sípánà bọ́ lọ́wọ́ Ọdẹ́rìndé. Inú rẹ̀ ń dùn, ẹ̀rù sì ń bà á, lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní, "Mò ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ mi bá mú ilé yín tutù, ọkùnrin yẹn ń bá mi relé."

"Ẹnu ọba nìyẹn wà, kò sí lẹ́nu tèmi."

Ẹ̀rọ méjì ni Ọdẹ́rìndé gbé, torí ilé tí kò gbọdọ̀ gbóná, kì í gbé ẹyọ kan kọ́ sí i láéláé. Ọ̀kan á máa ṣiṣẹ́, ìkejì á máa sinmi, bí ti iwájú bá kú, ti ẹ̀yìn á dìde. Ó di méjèèjì pọ̀, ó fi páìpù bàbà àti àgbá gáàsì kékeré lé e, ó kọ́ ìbọn, ó fi àdá bọ àkọ̀. Èmi ni mo bá a gbé ẹrù yẹn rù. Ọrùn ṣì ń dùn mí dòní, kò sì sẹ́ni tó kí mi kú iṣẹ́.

Igbó Ìléru ni wọ́n wọ̀. Ẹ̀yín iná ni ewé igi ibẹ̀, bó bá já bọ́, ó ń jó ilẹ̀ lọ ni. Èéfín pọ̀ débi pé Ọwọ́lójú di ẹ̀ṣẹ́ kí ojú má baà ta á, Ọdẹ́rìndé ló wá ń fà á lọ. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí ẹbọra kan fi bẹ́ jáde, Ahóyaya lorúkọ rẹ̀. Omi gbígbóná ló ń hó lábẹ́ awọ rẹ̀, ibi tó bá sì ta sí, bíbó ni. Ó gbá Ọwọ́lójú mú, ó fà á ya sí méjì bí ẹni ń fa aṣọ ya, ó sọ ìdajì sọ́tùn-ún, ó sọ ìdajì sósì.

Ọdẹ́rìndé yìnbọn fún un. Ọta yọ́ kó tó dé ara rẹ̀. Ó fi àdá ṣá a, àdá ká kò bí ewé. Ẹbọra náà gbá a lọ́wọ́ mú, awọ apá rẹ̀ sì ṣí kúrò láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. Ó kígbe, igbe yẹn ni mo gbọ́ látilé. Ẹ má wò mí báyẹn, mo ní mo gbọ́ ọ! Ibi tó ti ń jà raburabu ni ọwọ́ rẹ̀ kejì ti kan àgbá gáàsì. Ó dojú rẹ̀ kọ Ahóyaya, ó sì tú ẹnu rẹ̀. Gáàsì tútù rọ́ jáde fííì! Ojú ẹbọra náà funfun, ó dì gbagidi, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kò lè pa á dé. Ọdẹ́rìndé gbé sípánà ńlá, ó fi gbá a lórí. Orí náà fọ́ yángá, omi gbígbóná tó kù nínú rẹ̀ dà sílẹ̀, ó ń hó lọ. Ó ya aṣọ rẹ̀, ó fi di apá, ó tún gbé ẹrù rẹ̀ rù.

Ẹnubodè Ìlú Iyè ló já sí. Ìyá arúgbó kan tí kò ní ìpéǹpéjú ló ń ṣọ́ ọ, Àìṣẹ́jú ni wọ́n ń pè é. Orí èèyàn ló fi ṣe ọgbà yí ẹnubodè ká, àwọn orí náà sì ń sọ̀rọ̀.

Àìṣẹ́jú ní, "Ta ni ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kárakára, tí gbogbo ẹni tó bá rí i ń pè é ní ọ̀lẹ?"

Orí kan nínú ọgbà ní, "Má sọ pé ẹni tó ń lálàá. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Ọdẹ́rìndé ronú. Ó ní, "Ọdẹ tó gun igi, tó ń dúró de ẹran ni. Kò mì, kò sọ̀rọ̀, ìka rẹ̀ ò sì kúrò lórí ìbọn. Ẹni tó bá kọjá á ní ó ń sùn. Ẹ̀rọ kejì tí mo gbé sórí yìí náà, bẹ́ẹ̀ ló rí."

Ìyá arúgbó ṣílẹ̀kùn. Ó ní, "Ìwọ tó o wọlé láàyè, wàá jáde láàyè. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti di ará ìlú yìí, òkú rẹ̀ nìkan ló ń gba ọ̀dọ̀ mi jáde. Mo sọ fún ọ o." Ọdẹ́rìndé gbọ́, kò rò ó jinlẹ̀, torí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló wà lọ́kàn rẹ̀.

Ọba Gbohùngbohùn, tí etí rẹ̀ méjèèjì gùn dé orúnkún, gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ọdẹ́rìndé dọ̀bálẹ̀, ó ní ohun tó gbé òun wá, ó sì ní ẹ̀gbọ́n òun lòun fẹ́ mú lọ. Ọba ní, "Kọ́ ẹ̀rọ rẹ ná. Bó bá ti tutù, àṣà ìlú yóò ṣe ìyókù." Àwọn ìjòyè wo ara wọn, ọ̀kan nínú wọn sì nu ojú.

Wọ́n mú un dé Ilé Akọ́rọ̀jọ. Àpótí irin tò lọ kánrin, ojú aláwọ̀ ewéko kéékèèké ń ṣẹ́ lára wọn, gbogbo wọn sì ń kùn. Ó gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ tó ti kú nínú ọ̀kan, ó ń bá ajá wí. Láàárín ilé náà, lórí pẹpẹ gíga, ni Láníyọnu dúró sí, ìlẹ̀kẹ̀ oyè lọ́rùn, egungun ìhà rẹ̀ yọ síta, ó ń fẹ́ atẹ́gùn funfun láti ẹnu. Bó bá dúró díẹ̀ láti mí sínú, ojú àwọn àpótí á yí padà sí pupa, á tún yára fẹ́. Ó rí àbúrò rẹ̀. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, omijé náà sì dì kó tó dé àgbọ̀n. Kò lè sọ̀rọ̀, torí ẹni tó ń fẹ́ atẹ́gùn kò láyè ọ̀rọ̀.

Ọdẹ́rìndé sunkún bí ọmọdé. "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti parí! Ẹ fún mi láyè díẹ̀ sí i."

Ló bá ṣẹ́ apá aṣọ, ó kọjú sí iṣẹ́. Ó dá ògiri lu, ó gbé ẹ̀rọ méjèèjì kọ́ sókè pẹpẹ, ó na páìpù jáde sẹ́yìn ilé, ó ṣe ojú ibi tí omi wọn yóò máa gbà. Mànàmáná ni wọ́n ń lò níbẹ̀, wọ́n dè é mọ́ òpó. Kò jẹ́ kí ẹ̀rọ méjèèjì mu iná nínú òpó kan náà. Ti àkọ́kọ́ lọ sí òpó ọ̀tún, ti ìkejì lọ sí òpó òsì. Gbogbo bó ṣe ń ṣe èyí, Láníyọnu ń fi ọwọ́ méjèèjì juwọ́ sí i, ó ń mi orí, ó ń ta ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Inú Ọdẹ́rìndé dùn pé inú ẹ̀gbọ́n òun ń dùn. Ó juwọ́ padà. Ó tan ẹ̀rọ.

Òtútù bo ilé. Ojú àwọn àpótí di àwọ̀ ewéko. Láníyọnu pa ẹnu dé, ó mí kanlẹ̀, ó sì jábọ́ láti orí pẹpẹ. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni, "Rìndé, o ti pa mí o!"

"Kí ni mo ṣe?"

"Oyè ni wọ́n fi mí jẹ níbí. Ní ìlú yìí, àrólé kì í wọlé kí olóyè ṣì wà láàyè. Bí àrólé bá ti dé ibi iṣẹ́, òkú ni olóyè. Bí kò bá sì tíì kú, wọ́n á wá bá a ṣe é. Ẹ̀rọ rẹ yìí ni wọ́n rí bí àrólé mi."

"Ṣé ìyẹn lẹ fi ń juwọ́ sí mi?"

"Kí lo rò pé mò ń ṣe, ijó?"

Ni wọ́n bá gbọ́ ẹkún níta. Àwọn aṣọ̀fọ̀ ìlú ló ń bọ̀, kùmọ̀ lọ́wọ́ wọn, omijé gidi lójú wọn. Baba wọn ló ṣíwájú, iwin gìrìwò kan tó ní apá mẹ́rin. Ó rí Ọdẹ́rìndé, ó bọ fìlà, ó ní, "Ẹ kú ara fẹ́ra kù o. Ọlọ́run á dáwọ́ aburú dúró." Bó ti sọ bẹ́ẹ̀ tán ló gbé kùmọ̀ sókè láti fi fọ́ orí Láníyọnu.

Ọdẹ́rìndé yìnbọn lu apá tó gbé kùmọ̀, apá náà já sọnù. Baba Aṣọ̀fọ̀ fi mẹ́ta tó kù fún un lọ́rùn. Ó gbá a mọ́ ògiri, eyín méjì bọ́ lẹ́nu ọ̀rẹ́ mi. Ọdẹ́rìndé gé ìka tó wà lọ́rùn rẹ̀ jẹ, ó tu ú síta, ó fa Baba Aṣọ̀fọ̀ lulẹ̀, ó sì gun orí rẹ̀. Àwọn ìyókù bò ó, wọ́n ń lù ú, wọ́n sì ń kí i kú ìrọ́jú bí wọ́n ṣe ń lù ú. Ó fi àdá tó ká kò yẹn dáàbò bo ara rẹ̀, ó gé ẹsẹ̀, ó gé etí, ẹ̀jẹ̀ dúdú iwin sì kún ilẹ̀ débi pé àwọn tó ń bọ̀ ń yọ̀ ṣubú lórí ara wọn. Níbẹ̀ ni Baba Aṣọ̀fọ̀ ti dìde, ó ju kùmọ̀ ńlá. Kùmọ̀ fo Ọdẹ́rìndé, ó bá páìpù ẹ̀rọ àkọ́kọ́. Páìpù ṣẹ́. Gáàsì rọ́ jáde, ẹ̀rọ náà gbin, ó dákẹ́.

Gbogbo wọn dúró. Ojú àwọn àpótí pupa fòò. Iná sọ lára èyí tó wà nígun ilé, ẹgbàágbèje ọ̀rọ̀ sì ń pariwo jáde nínú rẹ̀ bó ti ń jó. Àwọn aṣọ̀fọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sá, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà sì jóná mọ́lẹ̀.

Ọdẹ́rìndé fò mọ́ ẹ̀rọ kejì, ó tan án. Ẹ̀yin tó ń lo ẹ̀rọ yìí mọ̀ pé bí ẹ bá tan án, kì í fẹ́ òtútù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Á kọ́kọ́ kùn ná. Láníyọnu rí i pé kò ní yá tó. Ó gun orí pẹpẹ rẹ̀ padà, ó fa gbogbo èémí tó kù nínú àyà rẹ̀, ó sì fẹ́ ẹ. Ẹ̀jẹ̀ bá atẹ́gùn jáde. Ó fẹ́ títí iná fi kú lára àpótí, ó fẹ́ títí ẹ̀rọ kejì fi gbéra tí òtútù rẹ̀ bọ́ síta. Nígbà náà ló wó lulẹ̀ gbì.

Ọdẹ́rìndé gbé orí rẹ̀ lé itan, ó ń ké, "Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ̀gbọ́n mi!" Ó tẹ etí sí ẹnu rẹ̀.

Láníyọnu sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Mo ti kú. Máa sunkún lọ."

Ọdẹ́rìndé sunkún! Ó ké débi pé Baba Aṣọ̀fọ̀ fúnra rẹ̀ wá ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ọba wọlé pẹ̀lú àwọn ìjòyè. Ọdẹ́rìndé fi iwájú orí kanlẹ̀, ó ní, "Kábíyèsí, ẹ̀gbọ́n mi ti kú sẹ́nu iṣẹ́ yín. Ẹ jẹ́ kí n gbé òkú rẹ̀ relé, kí ìyá rẹ̀ sin ín."

Ọba wo òkè. "Ẹ̀rọ méjì ni mo rí. Èwo ni àrólé èkejì? N kò fẹ́ kí a tún máa pa ẹ̀rọ."

"Ìbejì ni wọ́n, Kábíyèsí. Ọjọ́ kan náà ni mo gbé wọn wọ̀lú. Ta ló ń pe Táyé ní àrólé Kẹ́hìndé? Bó bá rẹ ọ̀kan, èkejì á gbà á."

Ó dùn mọ́ ọba nínú. Ó ní kó tún páìpù tó ṣẹ́ ṣe kó tó lọ. Ọdẹ́rìndé da aṣọ bo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gun òkè, ó ń jó páìpù pọ̀, ojú rẹ̀ ò kúrò lára aṣọ yẹn, bóyá yóò mì. Kò mì.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ọba ní, "Ó ku ohun kan. Àtàǹpàkò olóyè kì í jáde ní ìlú yìí. Ọmọ ìyá rẹ̀ ló ń gé e, àwa á máa wo ojú òkú. Bó bá jẹ́ òkú lóòótọ́, kò ní mọ̀."

Ẹ dákẹ́ ná. Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti pa ẹfọ̀n, mo ti bá ẹkùn wọ̀yá ìjà, ṣùgbọ́n mi ò lè ṣe ohun tí ọ̀rẹ́ mi ṣe lọ́jọ́ náà. Ó mú ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọwọ́ tó fi ń fẹ́ ewìrì bọ́ ọ nígbà tí bàbá wọn kú. Ó tẹ́ ẹ sórí òkúta. Àdá rẹ̀ ti ká kò, kò mú mọ́, ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Ó gbé e, ó sọ ọ́ kalẹ̀, eegun ń dún, ó tún gbé e. Gbogbo àwọn ìjòyè na ọrùn sí ojú Láníyọnu. Ojú náà kò yẹ̀.

Ọba ní, "Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń dà."

Ọdẹ́rìndé ní, "Ìsinsìnyí ló kú, Kábíyèsí. Ṣé ẹ fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ti gbọ́ pé ó kú ni?"

Wọ́n jẹ́ kó máa lọ. Ó gbé e pọ̀n, ó fi aṣọ gbá a mọ́ra. Ní gbogbo ọ̀nà, èémí tútù díẹ̀ ń kan ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, ó sì ń dúpẹ́ nínú. Bí wọ́n ṣe sún mọ́ ẹnubodè, òtútù náà dáwọ́ dúró. Àìṣẹ́jú wá síta, ó gbóòórùn òkú náà látorí dé ẹsẹ̀, ó fi ìka ṣí ojú rẹ̀, ó fi ojú tirẹ̀ kàn án. Ó pẹ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yà fún wọn.

Ọdẹ́rìndé kọjá, ó sáré títí kò fi rí ọgbà orí mọ́, ó sọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ mí! A ti jáde, ẹ mí!" Kò sí nǹkan kan. Ó gbá a lójú, ó lu àyà rẹ̀, ó ń bú u, ó ń bẹ̀ ẹ́. Ó ti ká ọwọ́ lórí, ó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ké, nígbà tí ojú kan là.

Láníyọnu ní, "Àdá burúkú wo lo fi gé mi yẹn?"

Wọ́n dì mọ́ra wọn, wọ́n sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀jẹ̀ sì ń kán sára àwọn méjèèjì.

Nígbà tí wọ́n délé, ìyá wọn ń gbálẹ̀. Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fọwọ́ pa orí Láníyọnu, ó fọwọ́ pa etí tó jó, ó fọwọ́ pa egungun ìhà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi dé ọwọ́ ọ̀tún, ó sì bá ibi tí àtàǹpàkò ti kúrò. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ta ló ṣe èyí fún ọmọ mi?"

Láníyọnu tètè dáhùn, "Àwọn iwin ni, Ìyá."

Ọdẹ́rìndé ní, "Èmi ni, Ìyá. Èmi ni mo gé e."

Ìyá wọn gbé ọwọ́ sókè, ó fọ́ Ọdẹ́rìndé létí tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jókòó sílẹ̀. Gbogbo wa tí a wà ní àgbàlá lọ́jọ́ náà la gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni òun náà jókòó sílẹ̀ tì í nínú eruku, ó fa orí rẹ̀ mọ́ àyà, ó gbá a mú gírígírí, kò sì fi í sílẹ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ń wí pé, "O mú un wá. Ọmọ mi, o mú un wá."

Ibi tí mo bá a dé nìyẹn. Ẹ dìde lórí ẹní mi.